Gbígbé Táǹkì Epo Kúrò Lẹ́yìn Ìjókòó: Chevrolet C10 ti 1972, Adó-Èkìtì

Iṣẹ́ tó délẹ̀ ni pé kí á yọ táǹkì epo tó wà nínú ilé awakọ̀ níwájú, lẹ́yìn ìjókòó, kí á sì gbé òmíràn sábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Píkọ́ọ̀pù Chevrolet C10 ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1972, ẹ́ńjìnì onípísítìnnì mẹ́fà tí wọ́n tò sórí ìlà kan, gíà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Bàbá tó ni ín jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá tirẹ̀, ẹni tó fi ra kòkó kiri Ìsẹ̀ àti Emùré títí agbára fi tán. Ọdún tí wọ́n ṣe é náà ni Nàìjíríà yí ojú ọ̀nà padà: ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972, gbogbo ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni sítíárìn òsì tí ará Amẹ́ríkà ṣe sí i kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà níhìn-ín.

Fún ẹni tí kò tíì ṣí irú rẹ̀ wò rí: láti 1967 sí 1972, ẹ̀yìn ìjókòó gbọọrọ iwájú ni wọ́n ń gbé táǹkì C10 sí. Ó dúró lóòró, ó ń gba bíi lítà 75. Ẹnu rẹ̀ yọ síta lára ògiri òsì, lẹ́yìn ilẹ̀kùn awakọ̀. Tí ẹ bá jókòó, tìmùtìmù àti irin ìjókòó nìkan ló wà láàárín ẹ̀yìn yín àti bẹntiróòlù. Kì í ṣe Chevrolet nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Ford náà ń ṣe é.

Màmá, ìyàwó Bàbá, ló gbé ẹjọ́ wá. Ó ní, “Ẹ̀ńjìníà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi nìkan ni mo ń rùn bí ilé epo, aṣọ òkè mi ò ṣeé wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.” Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà mọ̀ pé òtítọ́ ni. Tí òjò bá ń rọ̀ tí wọ́n sì gbé gíláàsì sókè, orí á máa fọ́ wọn kí wọ́n tó dé Ìkẹ̀rẹ́.

Kí n tó gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo kọ́kọ́ wá ibi tí òórùn náà ti ń wá. Mẹ́ta ni. Rọ́bà tó yí ọrùn táǹkì ká níbi tó ti wọ inú ògiri ti gbẹ, ó sì ti ya. Họ́ọ̀sì kúkúrú tó so ọrùn pọ̀ mọ́ ara táǹkì ti rọ̀ láti inú, ó ń fà bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ó ṣeé ṣe kí epo tó wọ ìlú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, èyí tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti dá kún un, nítorí mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í bá rọ́bà àtijọ́ rẹ́. Ẹ̀kẹta ni rọ́bà abẹ́ fúlóòtù, ohun tó ń wọn epo fún gééjì, lórí táǹkì; rọ́bà náà ti pẹlẹbẹ mọ́ irin.

Mo sọ fún Bàbá pé, “Bàbá, tí a bá pààrọ̀ rọ́bà mẹ́ta yìí, òórùn náà máa lọ, owó yín á sì kù sápò.” Òótọ́ ni mo sọ. Èmi kì í ṣe ara àwọn tó ń pariwo pé bọ́ǹbù ni táǹkì ẹ̀yìn ìjókòó. Irin yí i ká, ó jìnnà sí bọ́ńpà iwájú àti tẹ̀yìn, ohun tó bá fẹ́ kàn án gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ba gbogbo ọkọ̀ jẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé níbi tí ènìyàn ti ń mí ló ń jò sí lọ́jọ́ tó bá jò, àti pé ìjókòó kò lè sún sẹ́yìn, Bàbá sì ga. Orúnkún rẹ̀ ń kan abẹ́ sítíárìn láti ìgbà tó ti ń wà á. Bàbá ní kí á gbé e kúrò. Ó tán.

Ibi tí a ó gbé e sí ni àríyànjiyàn gidi wà.

Wẹ́dà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ kọ́kọ́ ní kí á jó o mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣásí, lóde, lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá ọ̀tún tàbí òsì. Ó rọrùn lóòótọ́: àyè wà, ẹnu táǹkì á yọ síta tààrà, ẹnikẹ́ni kò ní rà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni General Motors fúnra rẹ̀ gbé e sí nígbà tó yọ ọ́ kúrò níwájú ní 1973. Láti ìgbà náà dé 1987, táǹkì àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá wọn wà lóde ṣásí, níbi tí kò sí nǹkan gidi tó bò ó ju páànù ara ọkọ̀ lọ. Tí ọkọ̀ mìíràn bá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, táǹkì ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Iná jó ènìyàn, ẹjọ́ pọ̀ nílé ẹjọ́, ọ̀rọ̀ náà sì dé ọ̀dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kejìlá 1994 ni wọ́n jọ fẹnu kò sí i pé ilé iṣẹ́ náà yóò ná dọ́là mílíọ̀nù 51 sórí ètò ààbò ojú pópó. Nítorí náà, gbígbé táǹkì kúrò níwájú nìkan kì í ṣe àtúnṣe. Ẹ lè gbé e kúrò níbi tó dára díẹ̀ lọ síbi tó burú jù.

Àwọn kan á ní kí á kúkú gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn, kí á fi họ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Ẹ máa ń rí i lójú ọ̀nà, kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá nínú búùtù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì, tí wọ́n fi ràágì di ẹnu rẹ̀. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn.

Ibi tí mo yàn ni àárín ọ̀pá ṣásí méjèèjì, lẹ́yìn áàsù ẹ̀yìn (ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), níbi tí táyà àpọ̀jù máa ń so rọ̀ sí. Irin ṣásí wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, bọ́ńpà wà lẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún C10 ṣe ní Amẹ́ríkà ń gbé e sí. Wọ́n ní àǹfààní tí àwa kò ní: táǹkì Blazer tàbí ti Mustang àtijọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á kàn rà á ni wọ́n á dì í mọ́bẹ̀. Èmi béèrè lọ́jà Gate ní Ìbàdàn, mo ní kí ẹnì kan wò ó ní Ládípọ̀. Táǹkì Hilux, táǹkì 504, táǹkì bọ́ọ̀sì, gbogbo rẹ̀ wà, kò sí èyí tí ìrísí rẹ̀ bá àyè náà mu. Ó di dandan kí á ṣe tiwa.

Yíyọ

Bátìrì ló kọ́kọ́ kúrò, kì í ṣe pé a yọ wáyà rẹ̀ lásán, a gbé e jáde pátápátá. A ti ọkọ̀ síta gbangba, kúrò lábẹ́ òrùlé. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rìn lé, á sì rá lọ síbi tí iná wà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Mo ní kí obìnrin tó ń dín àkàrà ní iwájú ṣọ́ọ̀bù bá wa fi ọjọ́ yẹn gbé ààrò rẹ̀ lọ sí ìkángun kejì. Ó ráhùn díẹ̀, a ra àkàrà rẹ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ parí.

A fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fa epo inú rẹ̀ jáde sínú jálá onírin. Fífi ẹnu fa epo wà lára ohun tí mo máa ń lé ọmọ iṣẹ́ nílé fún. Epo tó jáde kẹ́yìn ti pọ́n dúdú, ìpẹtà wà nínú rẹ̀, ó sì ń rùn kíkan. Ìjókòó gbọọrọ náà jáde lẹ́yìn tí a tú bóòtì mẹ́rin. Ọ̀kan nínú wọn ti dípẹtà dé inú, a ní láti da epo wọ̀ ọ́, kí á sì jẹ́ kó sùn mọ́jú kó tó gbà.

Lẹ́yìn náà ni wáyà fúlóòtù, páìpù tó gba ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sí ẹ́ńjìnì, họ́ọ̀sì ọrùn, àti bóòtì tó di táǹkì mú. Ọmọ iṣẹ́ mi ti fẹ́ fi irin gbé e. Mo ní, “Rọra, igi ni kí o fi gbé e, irin lu irin kò dáa níhìn-ín.” Ó ní, “Ọ̀gá, kò kúkú sí epo nínú rẹ̀ mọ́.” Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò nìyẹn, òun ló sì ń pa àwọn wẹ́dà. Táǹkì tó kún fún epo kò léwu tó èyí tí epo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Epo olómi fúnra rẹ̀ kì í gbiná. Oru rẹ̀ tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbiná, ìwọ̀nba díẹ̀ sì ti tó: bí oru náà bá ti tó nǹkan bí ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú táǹkì títí dé bí ìdá méje, ìtàpàrà kan ṣoṣo tó láti tú u ká. Táǹkì tó ṣófo ni ibi tí ẹ ti máa rí ìwọ̀n yẹn. Bí a ṣe gbé e sílẹ̀ ni a rọ omi kún un dé ẹnu.

Lẹ́yìn tó kúrò ni a rí ohun tí bí àádọ́ta ọdún ti kó pamọ́. Ìtẹ́ eku, páálí sìgá, ẹyọ kòkó tó ti gbẹ dúdú ní kọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọkọ̀, àti owó kọ́bọ̀ márùn-ún kan ti 1973, ọdún tí náírà dé. Lára kọ́bọ̀ márùn-ún yẹn, èso kòkó ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá gbà á, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò, ó wò ó títí, ó fi sápò, kò sọ̀rọ̀.

Ìsàlẹ̀ táǹkì náà fi ìdí rẹ̀ hàn. Wọ́n fi fẹ́ẹ́tì, aṣọ onírun tó nípọn, tẹ́ abẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kó má baà máa lu irin. Fẹ́ẹ́tì yìí ló ń mu omi òjò tó ń jò wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn, kì í sì í gbẹ bọ̀rọ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ ha á kúrò, irin abẹ́ rẹ̀ ti jẹ dé ibi pé mo lè fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ihò kò tíì lu, ṣùgbọ́n àwọn àmì kéékèèké tó tutù, tó ń dán, ti ń yọ lójú ìpẹtà náà: epo tó ń là á díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ kí á kàn pààrọ̀ rọ́bà mẹ́ta tí mo sọ fún Bàbá kì bá tí tó.

Àyè tuntun

A tú bóòtì tó so ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́ ṣásí, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí wá bá wa gbé e sọ́tọ̀. Àwọn kan máa ń ṣe iṣẹ́ yìí láti abẹ́ láìgbé ẹ̀yìn kúrò. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí òkè táǹkì yín mọ́ títí ayé.

Kí a tó gé irin kankan, a wọn bí áàsù ṣe ń rìn. C10 yìí kì í ṣe oní-ewé sìpíríngì. Sìpíríngì onírin tó lọ́ yí po ló gbé ẹ̀yìn rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá gígùn méjì láti iwájú àti ọ̀pá kan tó dábùú tó ń dá áàsù dúró kó má baà máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. A fi jáàkì gbé áàsù sókè títí tó fi kan rọ́bà ìdúró. Bí ọkọ̀ yóò ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí Bàbá bá di iṣu kún un tó sì já sí kòtò. Níbẹ̀ ni a ti wọn ojú díífù (kókó irin tó wà láàárín áàsù), ọ̀pá ìdábùú náà, àti páìpù búréèkì. A fi àlàfo tó ju ọwọ́ ènìyàn lọ sílẹ̀ láàárín díífù àti ojú táǹkì. Ẹni tó bá wọn ọ́n nígbà tí ọkọ̀ ṣófo lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ yóò gbọ́ ariwo rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Sàlẹ́ńsà ń gba apá ọ̀tún lọ, nítorí náà gbogbo ohun tó jẹ mọ́ epo lọ sí apá òsì.

Táǹkì náà

Páànù irin tó nípọn mìlímítà 2. Gígùn rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75, ìbú rẹ̀ 50, gíga rẹ̀ 22. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò: lítà 82 ó lé díẹ̀. A kò ní rọ epo kún un dé orí, nítorí epo ń wú bí oòrùn bá pa á, àyè gbọ́dọ̀ wà fún un. Nínú rẹ̀ a jó ògiri méjì sí i, tí a lu ihò sí lára nísàlẹ̀ àti ní igun, kí epo má baà máa ya lọ ya bọ̀. Lójú ọ̀nà Èkìtì, níbi tí òkè kò ti jìnnà sí òkè, ògiri inú yìí kì í ṣe ohun àfikún. Láìsí i, bí ọkọ̀ bá ń gun òkè tí epo sì ku díẹ̀, gbogbo epo á ya sẹ́yìn, ẹnu páìpù á máa mu afẹ́fẹ́. A tún ṣe kòtò kékeré kan sísàlẹ̀, níbi tí páìpù ti ń mu, ní apá ẹ̀yìn, nítorí gígun òkè ni ẹ́ńjìnì ti ń béèrè epo jù.

Wẹ́dà mi mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ fi iná gáàsì ṣe gbogbo rẹ̀. A bá ẹni tó ní ẹ̀rọ MIG, tó ń fi iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì jó irin, sọ̀rọ̀, ó jó o fínnífínní, kò sì jẹ́ kí páànù ká. Fún ibi tí fúlóòtù yóò jókòó, a ní kí ilé ẹ̀rọ tó ń yí irin bá wa gé òrùka tuntun tó bá ti àtijọ́ mu, dípò kí á gé e lára táǹkì àtijọ́.

Láti mọ̀ bóyá ó ń jò, a dí gbogbo ẹnu rẹ̀, a fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, agbára rẹ̀ kò ju psi 3 lọ, bí a ṣe ń wọn afẹ́fẹ́ táyà. Pọ́ǹpù fọkanáísà lè fẹ́ e dé ibi tí ara táǹkì máa wú bí a kò bá ṣọ́ra. A fi omi ọṣẹ pa gbogbo ojú ìjó. Ibì kan ru ìfófó, ní igun ìsàlẹ̀, lójú kékeré tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wẹ́dà búra pé kì í ṣe òun. A jó o padà, a tún un dánwò, ó mú.

Irin nìkan ti wọ̀n tó kílógíráàmù ogún, epo tó bá kún un á tó 60. Ìwọ̀n àpò sìmẹ́ǹtì kan ààbọ̀ ó lé ni, tó ń fò lókè lábẹ́ ọkọ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbà kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Igun irin méjì dábùú láti ṣásí dé ṣásí lábẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì irin fífẹ̀ méjì lórí rẹ̀, bóòtì tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí, nọ́ọ̀tì tó ní rọ́bà nínú kó má baà tú fúnra rẹ̀. Rọ́bà líle ni a fi tẹ́ ibi tí irin ti kan irin, kì í ṣe fẹ́ẹ́tì. A lu ihò sára ṣásí, a kò jó ohunkóhun mọ́ ọn.

Ẹnu àti ìmí

Ó rọrùn láti lu ihò sí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹnu táǹkì yọ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, ó sì dára fún ọkọ̀ tí wọ́n kàn ń gbé jáde lọ́jọ́ àríyá. Ọkọ̀ Bàbá ń lọ oko. Bí iṣu bá kún un, ta ni yóò kó iṣu kúrò nílé epo? Omi òjò àti ẹrẹ̀ náà á máa dúró yí ìdérí ká. A gbé ẹnu náà sí ara ògiri ẹ̀yìn lápá òsì, lẹ́yìn táyà, nínú àpótí irin kékeré tó ní ilẹ̀kùn. Láti ibẹ̀ ó ń rọ̀ wálẹ̀ sí táǹkì láìsí ibi tó tẹ̀ sókè, nítorí epo tí ẹ bá ní kó gun òkè kékeré kí ó tó wọlé á padà sí yín lára.

Ohun tí mo rí i pé àwọn ènìyàn ń gbàgbé jù ni ibi tí táǹkì ti ń mí. Ìdérí àtijọ́ ní ihò ìmí lára, ó sì tó fún táǹkì tó wà lókè. Fún táǹkì abẹ́ ọkọ̀, páìpù méjì la nílò. Èkíní, họ́ọ̀sì tó lọ láti òkè táǹkì padà sí ọrùn ẹnu rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè jáde bí epo ṣe ń wọlé. Láìsí i, ẹni tó ń ta epo á máa dá dúró, epo á máa tú síta, ẹ̀yin náà á sì máa rò pé ó ti kún. Èkejì, páìpù ìmí tó gòkè dé abẹ́ ògiri ẹ̀yìn, tó ní fáàfù tí yóò pa ara rẹ̀ dé bí ọkọ̀ bá dojú dé. Fáàfù yẹn ni a yọ lára táǹkì tòkunbọ̀ kan. Kékeré ni, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, n kì í sì í gbé ọkọ̀ jáde láìní i.

Ihò àtijọ́ tó wà lára ògiri iwájú, Bàbá ní kí á má dí i láti ìta. Ìdérí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Páńẹ́ẹ̀lì bítà jó páànù dí i láti inú. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀dà kékeré kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má da epo sí i, nítorí mo mọ àwọn ọmọ ilé epo wa.

Páìpù àti gééjì

Páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, nínú ọ̀pá ṣásí òsì láti ẹ̀yìn dé iwájú, pẹ̀lú kílíìpù tó ní rọ́bà ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan. Họ́ọ̀sì wà ní orí méjèèjì nìkan, níbi tí nǹkan ti ń mì. Họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ SAE J30 R9 sí lára, àmì pé fún epo ni wọ́n ṣe é, ni mo rà. Ó wọ́n ju rọ́bà funfun tí wọ́n ń gé ta lójú ọ̀nà lọ, ṣùgbọ́n rọ́bà funfun yẹn á le gbagidi láàárín oṣù díẹ̀, á sì là. Ẹnu páìpù ni a fi irinṣẹ́ ṣe òrùka sí, kí họ́ọ̀sì lè mú un. Fílítà kan wọ àárín, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o láìdùbúlẹ̀.

Gééjì mú ìjà díẹ̀ wá. Fúlóòtù GM ìgbà náà ń fún gééjì ní óòmù (ìwọ̀n ìdènà iná) 0 bí táǹkì bá ṣófo, 90 bó bá kún. Ọ̀pọ̀ fúlóòtù Toyota tòkunbọ̀ ló ń kà á ní ìdàkejì, iye kékeré nígbà tó kún. Bí ẹ bá fi irú rẹ̀ síbẹ̀, gééjì á máa sọ pé epo kún lọ́jọ́ tí ẹ bá dúró sójú ọ̀nà. Nítorí náà fúlóòtù àtijọ́ ni a lò. Táǹkì tuntun kò ga tó ti àtẹ̀yìnwá, a dín apá rẹ̀ kù, a sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú tẹ́sítà lọ́wọ́, títí ìsàlẹ̀ fi kà 0 tí òkè sì kà bíi 88.

A so wáyà rẹ̀, a tan kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ gééjì sì kọjá ibi tó kún lọ gbáà, bẹ́ẹ̀ lítà mẹ́wàá péré ló wà nínú táǹkì. Rẹ́wáyà ní gééjì ti bàjẹ́, kí á ra òmíràn. Mo ní kó dúró. Rọ́bà tí a fi tẹ́ gbogbo ibi tí táǹkì ti kan ṣásí ti gé táǹkì kúrò lára áàtì, ọ̀nà tí iná fi ń gba ara ṣásí padà sí bátìrì. Bí gééjì yìí kò bá rí áàtì, òkè ló ń lọ. Wáyà dúdú kan láti ara òrùka fúlóòtù sí ṣásí, níbi tí a ti ha ọ̀dà kúrò, ni mo ní kó so. Abẹ́rẹ́ wálẹ̀ síbi tó yẹ. Wáyà kan náà ló ń mú iná tó bá ń kó jọ sára táǹkì lọ sí ṣásí nígbà tí epo bá ń ṣàn wọlé, nítorí náà ẹ má fi í ṣeré.

Òkè Ẹ̀fọ̀n

Ó ta lẹ́ẹ̀kan náà ní ṣọ́ọ̀bù. A gbé e gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ, Ìtàwúrẹ́, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, agbára tán lára rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ ńṣe ló ń yọwọ́. Mo yọ ẹsẹ̀, mo rọra gùn ún ní gíà kejì, a jẹ uyán ní Ẹ̀fọ̀n, a padà sí Adó.

Ọmọ iṣẹ́ mi gbà pé páìpù tuntun ló ń mu afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ gidi ni, a yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí. A wá yọ họ́ọ̀sì tó lọ sí kabúrétọ̀, a fà á jìnnà sínú ìgò, a yọ wáyà kọ́ìlì kí iná má baà ta, a sì fi sítátà yí ẹ́ńjìnì. Pọ́ǹpù ẹ́ńjìnì yìí, èyí tí káàmù ń tì, ó yẹ kó da bí ìdajì lítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 45. Tiwa kò dà tó ìdajì ìyẹn. A wá gbé jálá epo kan sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a so pọ́ǹpù mọ́ ọn, ó sì dà á wọ̀ọ̀, ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

Pọ́ǹpù náà ti rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n táǹkì tó wà lẹ́yìn ìjókòó ga jù ú lọ, epo ń fúnra rẹ̀ ṣàn wá bá a. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Ní báyìí tí táǹkì ti wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì tún dojú sókè lórí òkè, pọ́ǹpù ní láti fà á wá, kò sì lágbára. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, kó fi owó pọ́ǹpù kún ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. A ṣí i: rọ́bà inú rẹ̀ ti le, ó ti là yí ká etí, fáàfù kan kò sì pa dé mọ́. Ẹni tó ń ta rọ́bà rẹ̀ nìkan kò sí, a ra odidi pọ́ǹpù tuntun.

Ohun kan wà tó dára nínú bí táǹkì ṣe wá sísàlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí họ́ọ̀sì kan bá já lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì nígbà tí ọkọ̀ dúró, gbogbo epo inú táǹkì lè dà sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní báyìí, bí ẹ́ńjìnì bá ti kú, epo dúró síbi tó wà.

A padà sí òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì lẹ́yìn ọkọ̀. Ó gùn ún ní gíà kẹta títí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí, ó bọ́ sí èkejì níbi tó yẹ kó bọ́ sí i. Bàbá ló wà á. Ìjókòó ti sún sẹ́yìn bí ìka mẹ́rin, orúnkún rẹ̀ kò kan nǹkan kan mọ́. Gíláàsì wà lókè nítorí ọyẹ́, Màmá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gèlè. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo béèrè pé, “Màmá, òórùn ńkọ́?” Wọ́n ní, “Òórùn gírísì ara tìrẹ ni mò ń gbọ́ báyìí, Ẹ̀ńjìníà.”

Ohun tó kù: táyà àpọ̀jù ti pàdánù ilé rẹ̀, ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, mo ń ṣe irin tí yóò gbé e dúró mọ́ ẹ̀yìn ilé awakọ̀ lábẹ́ gíláàsì. A ó kun abẹ́ táǹkì ní ọ̀dà dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Jáàkì, sípánà àti ohun èlò paná ti wọ ẹ̀yìn ìjókòó. Bàbá fẹ́ kí á ṣe àpótí onípákó síbẹ̀. Káfíńtà ti wá wọn ọ́n, ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.